Ìtàn Tó Pamọ́ Sínú Irin: Ọkọ̀ Mustang Méjì Inú Fíìmù Bullitt

Gbogbo ẹni tó bá ti ra ọkọ̀ àlòkù rí ló mọ̀ pé ohun tí ẹni tó ń tà á bá sọ nípa rẹ̀ kò tó ìdajì ohun tí ọkọ̀ náà ìbá sọ bí ó bá ní ẹnu, nítorí pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọkọ̀ tó ti gbókìtì lójú títì ní òkè òkun, wọn a nà án, wọn a tún un kùn, wọn a fi òróró nu ara rẹ̀ títí yóò fi máa kọ mànà, wọn a sì gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi wá sí Kútọnu. Ẹni tó bá rà á níbẹ̀ tó wà á wọ Èkó yóò máa fi yangàn láàárín ọ̀rẹ́ pé tòkunbọ̀ gidi lòun rà, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ líle kàn rí. Aago tó ń ka máìlì pàápàá, àwọn kan wà tí wọ́n gbọ́n nínú yíyí i padà sẹ́yìn. Ìtìjú ni wọ́n ń bò mọ́lẹ̀ nínú gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ pa níhìn-ín gba ọ̀nà mìíràn, nítorí pé ọkọ̀ méjì ni ó dá lé lórí, ọmọ ìyá kan náà, tí nọ́ńbà wọn tẹ̀ lé ara wọn, tí wọ́n jáde ní ilé-iṣẹ́ kan náà lọ sí ẹnu iṣẹ́ kan náà. Ògo ló wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì, síbẹ̀ a fi ọ̀kan pamọ́ nítorí ògo yẹn, a sì gbàgbé èkejì sáàárín pàǹtí irin nítorí pé kò sí ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ tó mọ̀ pé ó ti lógo rí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ẹṣin tí à ń sọ. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 1964 ni ilé-iṣẹ́ Ford ti Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ tí wọ́n pè ní Mustang han aráyé níbi ìpàtẹ ńlá àgbáyé tó wáyé ní ìlú New York, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ owó rẹ̀ láti orí 2,368 dọ́là, iye tí ọ̀dọ́ oníṣẹ́ oṣù lè dá lé kí ó sì rí san. Ẹgbẹ̀rún 22 ènìyàn ló sanwó sílẹ̀ dè é ní ọjọ́ àkọ́kọ́ náà nìkan, kí ọdún kan sì tó yí po, èyí tí wọ́n ti tà lé ní ọ̀kẹ́ 20. Ẹṣin igbó tó ń sáré àsápajúdé ni wọ́n fi irin yọ sí àárín ìmú rẹ̀, ẹṣin irin ajẹ-epo-má-jẹ-koríko, abìrìn-gẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà gbọọrọ, tí kì í ṣe ọlọ́rọ̀ nìkan ló lè so ó mọ́lẹ̀ ní ojúlé. Nígbà tí a fi máa dé ọdún 1968, èyí tí ọ̀rọ̀ wa kàn, Mustang 317,404 ni Ford ṣe ní ọdún ẹyọ kan yẹn. Kí olùkàwé fi iye yìí sọ́kàn, nítorí pé láàárín irú ọ̀wọ́ ẹran báyìí ni a ti máa wá méjì péré.

Ní ọdún 1968 yìí kan náà ni Peter Yates, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń darí fíìmù, wọ ìlú San Francisco ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà láti ya fíìmù kan tí wọ́n pè ní Bullitt, Steve McQueen ni yóò sì ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ìtàn náà dá lé lórí. McQueen kì í ṣe òṣèré tí ń ti orí àga wo bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀. Ẹni tó ń bá àwọn asáré-ọkọ̀ figagbága ní gidi ni, tí alùpùpù àti ọkọ̀ eré sì jẹ́ oúnjẹ fún ọkàn rẹ̀. Mustang GT méjì ni wọ́n gbà fún iṣẹ́ náà, aláwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn, tí òrùlé wọn dà gẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbé ẹ́ńjìnnì ńlá tí wọ́n ń pè ní 390, èyí tí Ford kà sí agbára ẹṣin 325, pẹ̀lú jíà mẹ́rin tí a ń fi ọwọ́ yí. Wọ́n kó àwọn méjèèjì lọ bá Max Balchowsky, mẹkáníìkì kan ní Los Angeles tí òkìkí rẹ̀ ti kàn tipẹ́ nítorí àwọn ọkọ̀ eré tí ó máa ń fi àwókù irin àti ẹ̀yà ara ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ tò pọ̀, tí wọ́n rí jákujàku lójú, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń já ọkọ̀ olówó gọbọi sílẹ̀ lórí pápá.

Ohun tí Balchowsky ṣe sí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni gbogbo ìtàn yìí rọ̀ mọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Òkè ni gbogbo San Francisco, àwọn òpópónà rẹ̀ sì máa ń gun òkè dé ibì kan kí wọ́n tó tẹ́ pẹrẹsẹ ní ìkòríta, kí wọ́n sì tún já lulẹ̀ lójijì. Ọkọ̀ tó bá fi eré dé irú ìkòríta bẹ́ẹ̀ kò ní bá ilẹ̀ lọ mọ́, òfuurufú ni yóò gbà, bí ó bá sì padà bọ́ sílẹ̀, gbogbo ìwọ̀n irin ara rẹ̀ ni yóò gúnlẹ̀ sórí ẹsẹ̀ iwájú. Ọkọ̀ bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é kò lè fara da irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdí nìyí tí Balchowsky fi jó irin kún irin níbi tí ṣọ́ọ̀kì iwájú ti so mọ́ ara ọkọ̀, tí ó yọ ṣọ́ọ̀kì tó bá a wá dànù tí ó sì fi ti Koni rọ́pò rẹ̀, tí ó tún sípíríìngì mú le, tí ó sì tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yá sí i. Wọ́n jó àwọn apá irin mọ́ abẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí wọn yóò máa fi gbé kámẹ́rà rù, wọ́n sì dá ihò lu sí bùútù kí wáyà iná àwọn ayàwòrán lè gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá bọ́ ẹ̀ṣọ́ lára rẹ̀. Wọ́n yọ ẹṣin irin tó wà ní ìmú rẹ̀, wọ́n yọ àmì GT àti iná kékeré tó wà fún kùrukùru, wọ́n kun ìmú náà ní dúdú, wọ́n pàrọ̀ rímù rẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ pa dídán ara rẹ̀ rẹ́, kí ó lè jọ ọkọ̀ ọlọ́pàá tó ń jí ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ tí kì í ráyè fọ̀ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọkọ̀ tí wọ́n ti jó, tí wọ́n lu, tí wọ́n sì tú báyìí wá bá oníṣòwò ọkọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta owó rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gé kúrò.

Eré àsáléra tí wọ́n ti ara èyí rí gba ìṣẹ́jú 10 àti ìṣẹ́jú-àáyá 53 nínú fíìmù náà. Dodge Charger dúdú kan tí Bill Hickman ń wà ló ń sá, Mustang ń lé e, láti orí òkè dé ìsàlẹ̀ òkè, títí wọ́n fi jáde sí títì gbọọrọ tó wà lẹ́yìn ìlú, eré náà sì kọjá 110 máìlì ní wákàtí kan ní ibòmíràn. McQueen wa ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ní àwọn ibi tí ojú rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ hàn, ṣùgbọ́n ibi tí ọrùn ti lè ṣẹ́, Bud Ekins tí í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ọ̀gá nínú gígun alùpùpù ló jókòó sí ìdí ọkọ̀ níbẹ̀. Lalo Schifrin tó ṣe orin fíìmù náà fi ọgbọ́n àgbà dá ìlù dúró nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀ ní gidi, kí ó lè jẹ́ igbe ẹ́ńjìnnì àti ti táyà nìkan ni àwọn tó jókòó yóò máa gbọ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá mú yóò rí i pé ìjàpá Volkswagen aláwọ̀ ewé kan náà ni wọ́n ń yà sílẹ̀ léraléra, àti pé ìdérí rímù tó ń já bọ́ lára Charger yẹn ju iye ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ ní lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka ìdérí nígbà tí ọkàn ti fò sókè? Frank Keller tó gé fíìmù náà tò gba ẹ̀bùn Oscar nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ní ọdún 2007 sì ni ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi Bullitt kún àwọn fíìmù tí orílẹ̀-èdè náà kò gbọdọ̀ jẹ́ kó parun.

Nígbà tí ariwo ọjà parí, ọkọ̀ méjì ló kù nílẹ̀. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 558 ni wọ́n fi fò jù, òun ló sì jìyà jù. Èyí tó parí sí 559 ni wọ́n máa ń ya nítòsí, nítorí náà ara rẹ̀ sàn díẹ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn gbà gbọ́ ni pé 558 ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, pé wọ́n ti gbé e fún àwọn tó ń fọ́ ọkọ̀ tí wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tán síbẹ̀. Èkejì bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń gé fíìmù ní ilé-iṣẹ́ fíìmù Warner Brothers. Ní ọdún 1970 ó tà á fún ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ní New Jersey, ní ìkángun kejì orílẹ̀-èdè náà, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìtàn àròsọ ṣe di ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gidi, ohun tí òǹkọ̀wé ìbá kọ kí a sì ní ó ti ń sọ àsọdùn. Ní ọdún 1974 ni ọlọ́pàá náà polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Road & Track pé 6,000 dọ́là ni òun fẹ́ gbà. Ẹni tó rí ìkéde náà tó sì dìde ni Robert Kiernan, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò, ní New Jersey kan náà.

Ohun tí ìdílé Kiernan fi ọkọ̀ yìí ṣe máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbàkigbà tí mo bá rántí rẹ̀, nítorí pé wọn kò fi aṣọ bò ó, wọn kò sì pe ayàwòrán. Ìyàwó Kiernan, tó jẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọdé, ni ó ń wà á lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ láràárọ̀. Ọkọ̀ tí gbogbo ayé ti san owó tíkẹ́ẹ̀tì láti wò ń gbé ìwé àwọn ọmọ kékeré àti ẹfun ìkọ̀wé káàkiri ìlú, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè ohunkóhun. McQueen fúnra rẹ̀ kò tíì gbàgbé rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1977 ó kọ lẹ́tà sí Kiernan pé òun fẹ́ kí ọkọ̀ náà padà sọ́dọ̀ òun, pé bí ó ṣe wà gan-an ni òun fẹ́ máa tọ́jú rẹ̀, pé òun lè wá Mustang mìíràn fún un dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n bí owó rẹ̀ bá ti pọ̀ jù, kí àwọn méjèèjì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Kiernan kò tà á. Ní ọdún 1980, nígbà tí aago rẹ̀ ti ka nǹkan bí 65,000 máìlì, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kú, wọ́n sì tì í wọ gáréèjì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn náà ni McQueen kú, ẹni àádọ́ta ọdún péré.

Láti ìgbà náà lọ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìdílé náà ti ń ṣí kiri, tí wọ́n lọ sí Ohio, tí wọ́n sì lọ fìdí kalẹ̀ sí Tennessee, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ náà ń bá wọn lọ, tí àwọn tó ń wá a sì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, tí wọ́n ń kọ̀wé nípa rẹ̀, tí wọ́n sì ń méfò. Ford ti fi orúkọ Bullitt ṣe Mustang tuntun ní ọdún 2001, wọ́n tún un ṣe ní 2008, ọ̀kẹ́ àìmọye owó ló ń yí lórí orúkọ ọkọ̀ kan tí eruku ń bò mọ́lẹ̀ nínú gáréèjì ẹni tí kò sọ̀rọ̀. Àwọn kan yóò pe èyí ní ìmọtara-ẹni-nìkan. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí Kiernan mọ̀ ni pé ọjọ́ tí òun bá la ẹnu ni ilé òun kò ní jẹ́ ilé òun mọ́, àti pé oníṣòwò ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn, olè ni yóò sì tẹ̀ lé e. Ó fẹ́ kí òun àti Sean ọmọ rẹ̀ jùmọ̀ tún ọkọ̀ náà ṣe, ṣùgbọ́n àìsàn kò jẹ́, ó sì dágbére fáyé ní ọdún 2014. Sean ló padà tò ó pọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi tún dún ní ọdún 2016.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sílẹ̀ ná, kí a lọ sí Baja California ní ilẹ̀ Mẹ́síkò. Nínú ọgbà kan tí wọ́n ń kó àwókù ọkọ̀ sí, nítòsí Los Cabos, ọkùnrin kan rí Mustang ọdún 1968 méjì tí wọ́n ti ń jẹrà lọ, ó sì rà wọ́n. Ète rẹ̀ kò ju pé kí òun àti alábàáṣiṣẹ́ òun fi ọ̀kan nínú wọn ṣe ẹ̀dà Eleanor, Mustang olókìkí inú fíìmù Gone in 60 Seconds ti ọdún 2000. Èyí tí wọ́n fẹ́ lò kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní jíà, funfun ni wọ́n sì ti kùn ún. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà: díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ tó gba fíìmù kan là di ẹni tí a wọ aṣọ fíìmù mìíràn fún. Ohun tó gbà á sílẹ̀ ni pé ọkùnrin náà àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ wá nọ́ńbà rẹ̀ wò kí wọ́n tó fi ayùn kàn án.

Bí ilà ojú ti máa ń sọ ọmọ Ọ̀yọ́ yàtọ̀ sí ọmọ Oǹdó kí onítọ̀hún tó lanu, bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Ford ṣe ń kọ ilà fún gbogbo ọkọ̀ tó bá jáde lọ́wọ́ wọn, wọn a tẹ̀ ẹ́ sára irin, ọ̀dà kò sì lè pa á rẹ́. Èyí tí wọ́n kà lára ọkọ̀ Mẹ́síkò yìí ni 8R02S125558. Nọ́ńbà 8 sọ pé ọdún 1968 ni wọ́n ṣe é. R sọ pé ilé-iṣẹ́ Ford ti San Jose ní California ni wọ́n ti bí i. 02 jẹ́rìí sí òrùlé rẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ̀. S sọ pé ẹ́ńjìnnì 390 ló gbé jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Èyí tó kù sì sọ ipò rẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ké sí Kevin Marti láti Arizona, ẹni tí Ford fún ní àṣẹ láti máa tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti ọdún 1967 wá, ó sì rìnrìn àjò lọ wò ó fúnra rẹ̀. Kì í ṣe nọ́ńbà nìkan ló wò, nítorí pé ayé ti gbọ́n, a lè gé nọ́ńbà lára ọkọ̀ kan kí a jó o mọ́ òmíràn. Ó wo irin tí Balchowsky jó kún ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti so, ó wo ihò tí wọ́n dá lu sí bùútù, gbogbo ohun tí oníṣòwò ìbá fi gé owó rẹ̀, àwọn gan-an ló jáde wá ṣe ẹlẹ́rìí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017 ni ìròyìn kàn pé ọkọ̀ tí gbogbo ayé ti sin tipẹ́ kò kú.

Àwọn apá irin tí a fi gbé kámẹ́rà ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀ ti ìdílé Kiernan náà. Ká ní ìdílé yìí lówó lọ́wọ́ ní 1980 ni, tàbí ká ní wọ́n jẹ́ ènìyàn tí kì í lè fara da ìpata, wọn ìbá ti gbé e fún àwọn tó mọ iṣẹ́, wọn ìbá ti gé àwọn irin àjèjì wọ̀nyẹn kúrò lábẹ́ rẹ̀, wọn ìbá ti dí gbogbo ihò, wọn ìbá sì dá ẹṣin irin padà sí ìmú rẹ̀, kí ó lè rí bí ìgbà tó ti San Jose jáde. Ọkọ̀ tó rẹwà ni yóò jẹ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà nìkan ni ì bá kù tí yóò jẹ́rìí sí i. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ni kì í gbà pẹ̀lú mi lórí èyí, wọ́n ní dídán ni iyì ọkọ̀. Kí wọ́n máa dán tiwọn.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2018, níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Detroit, Ford ṣí aṣọ lójú Mustang Bullitt tuntun tí wọ́n fẹ́ máa tà, ọmọ-ọmọ McQueen ló sì fi í han àwọn ènìyàn. Bí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́ ni 559 yọ, pẹ̀lú ọ̀dà tó ti ṣá àti ìpata tó ti jẹ ẹ́ kiri, ojú gbogbo ènìyàn sì kúrò lára tuntun. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà wọ́n gbé e lọ sí Washington, wọ́n fi í sínú ilé gíláàsì ní gbàgede orílẹ̀-èdè, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ọkọ̀ tí a ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn fún ìtàn Amẹ́ríkà. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 10 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, wọ́n lu gbàǹjo rẹ̀ ní Kissimmee ní Florida. Mílíọ̀nù 3.4 dọ́là ni òòlù gbàǹjo dúró lé, nígbà tí a sì fi owó àwọn tó lù ú kún un, ó di mílíọ̀nù 3.74, títí di ọjọ́ náà kò sí Mustang kankan tí a tíì san tó bẹ́ẹ̀ fún rí níbi gbàǹjo, wọn kò sì tíì dí ihò kan lára rẹ̀.